Abẹ̀bẹ̀ Tó Nà Jù

Bàbá to abẹ̀bẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ eruku igi kúrò lára wọn, ó wá sún sẹ́yìn bí ẹni tó gbé oúnjẹ síwájú àlejò pàtàkì. Igi funfun ló fi gbẹ́ wọn, ó sì fá wọn títí wọ́n fi ń dán. Ọmọbìnrin rẹ̀ mú ọ̀kan nínú wọn, ó di ojú kan, ó fi èkejì wò ó láti ìdí dé orí. Kò wọ́ síhìn-ín, kò wọ́ sọ́hùn-ún. Ó nà tọ́ọ́rọ́ bíi rúlà. Inú ọmọ náà sì bàjẹ́.

"Wò ó dáadáa," ni Bàbá wí. "Nínú àwòrán tó o yà fún mi, ńṣe ni àwọn abẹ̀bẹ̀ yẹn lọ́ bí ètè ẹni tó fẹ́ sunkún. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ló yẹ̀. Mo ti bá ọ tún un ṣe."

Ọwọ́ ọmọ náà kò yẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yà á bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn ṣe iná ló fẹ́ gbé lọ sí ọjọ́ àfihàn ní ilé-ìwé wọn. Atẹ́gùn yóò yí abẹ̀bẹ̀, abẹ̀bẹ̀ yóò yí ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó yọ lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti kú, ẹ́ńjìnnì náà yóò sì tan gúlóòbù. Ṣùgbọ́n bí abẹ̀bẹ̀ kò bá lọ́ díẹ̀, atẹ́gùn yóò kàn máa tì í láyà lásán ni, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì. Ọmọ náà mọ gbogbo èyí, nítorí oṣù méjì gbáko ló fi ka ìwé nípa rẹ̀, débi pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì ti sọ ọ́ ní Ìyá Atẹ́gùn.

Ọwọ́ Bàbá ló di í lẹ́nu. Lọ́dún tó kọjá, Bàbá já bọ́ láti orí òrùlé tó ń kàn, apá rẹ̀ ọ̀tún sì kán. Egungun ti jinná, àmọ́ àwọn ìka ṣì ń gbọ̀n. Ṣọ́ọ̀bù tí ayùn kì í sinmi níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá dákẹ́. Àwọn oníbàárà ń kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọn kì í gbé iṣẹ́ dání. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà gbọ́ tó ń sọ fún Màámi pé òun ń rò ó láti ta àwọn irinṣẹ́ òun. Abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta yìí sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó parí láti oṣù mẹ́rin. Ta ni yóò la ẹnu sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára?

"Ó dára, àbí kò dára?" Bàbá bi í.

"Ó dára gan-an ni, Bàbá. Ẹ ṣeun."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Màámi, tó ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà, dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. "Ìyá Atẹ́gùn," ló wí, "ìwọ ni kó o máa gbé iṣẹ́ wá fún un lójoojúmọ́ o. Mo ti gbàgbé pé ọkọ mi léyín."

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà so ẹ̀rọ mọ́ orí òpó irin ní ẹ̀yìnkùlé. Atẹ́gùn fẹ́ títí, aṣọ tó wà lórí okùn ń jó, abẹ̀bẹ̀ kò mira. Ó fi igi wẹ́wẹ́ há ìdí wọn kí wọ́n lè dagun díẹ̀. Wọ́n yí lóòótọ́, àmọ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ ni. Gúlóòbù kò tan.

Ó lè padà lọ bá Bàbá nígbà náà. Ṣọ́ọ̀bù kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ó tilẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ tí Bàbá ń súfèé bó ṣe ń gbálẹ̀, ó sì yí padà. Irọ́ kékeré tó pa lánàá ti wá di abiyamọ. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti tọ́jú bátìrì kan sínú àpótí tó wà nídìí òpó, ó fi fóòmù bò ó, ó sì fi súìṣì pẹlẹbẹ kan sí abẹ́ àpótí níbi tí ojú kò lè rí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Iná tàn gbòò.

Bàbá jáde wá, ó wo iná náà. Lẹ́yìn náà ló sọdá títì, ó lọ fa Wẹ́dà, ẹni tó ń jó irin pọ̀ ní òdìkejì, wá, òun tàwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ tó kún fún ihò iná. "Ṣé o rí i? Ọwọ́ mi tí ẹ ń káàánú yìí ló gbẹ́ ẹ."

"Ọ̀gá káfíńtà," ni Wẹ́dà wí, "ẹ máa fi ọwọ́ yẹn gbọ̀n lọ. Ó jọ pé gbígbọ̀n ló mú un dáa sí i."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tó bá Bàbá nílé tí kò wo ẹ̀rọ náà. Ó gba iṣẹ́ àga kan. Kò tún dárúkọ títa irinṣẹ́ mọ́. Bí ọmọ náà bá ti fẹ́ sọ òótọ́, yóò wo ojú baba rẹ̀, yóò sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Lọ́jọ́ àfihàn, Bàbá lọ aṣọ rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e lọ. Pápá ilé-ìwé kún fún òbí àti akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ tó bá dára jù ni yóò ṣojú ilé-ìwé ní ìdíje ńlá, olùkọ́ físíìsì, obìnrin kan tí kì í fi máàkì tọrẹ, ló sì ń lọ láti orí iṣẹ́ kan sí òmíràn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, atẹ́gùn fẹ́, abẹ̀bẹ̀ ń yí, ọmọ náà ti tẹ súìṣì, gúlóòbù sì tàn. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá dúró ti ẹ̀rọ náà, ó gbé ọwọ́ lé àpótí, ó ń ṣàlàyé irú igi tó lò fún ẹni tó béèrè àti ẹni tí kò béèrè.

Atẹ́gùn bá dá. Abẹ̀bẹ̀ rìn díẹ̀ sí i, ó rẹ̀ ẹ́, ó dúró. Gúlóòbù ń tàn.

Ọmọ náà fẹ́ sún mọ́ súìṣì, àmọ́ Bàbá ló dúró síbẹ̀. Ọmọdébìnrin kan níwájú, tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ, na ìka. "Àǹtí, atẹ́gùn ti lọ. Kí ni iná yẹn wá ń jẹ?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì gbà á. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. "Ṣí àpótí yẹn," ló wí.

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, ọjọ́ náà ló yé ọmọ náà. Ó ṣí àpótí, ó ká fóòmù kúrò. Bàbá wo bátìrì, ó wo abẹ̀bẹ̀ tó dúró lókè, ó wá rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí àpótí. Ó gba àárín èrò jáde lọ sílé.

"Ká ní o gbé ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ wá," ni olùkọ́ wí, "tó o sì sọ ìdí tí kò fi ṣiṣẹ́ fún mi, ǹ bá fún ọ ní máàkì. Èyí tó o gbé wá yìí, mi ò mọ ohun tí mo lè fún un." Ó kọ òdo sínú ìwé rẹ̀, ó sì kọjá lọ.

Nígbà tí ọmọ náà dé ilé, Bàbá wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń kó irinṣẹ́ sínú àpótí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà wọ́n."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo fẹ́ ta nǹkan?"

"Mo gbọ́ nígbà tí ẹ ń sọ ọ́ fún Màámi."

Bàbá gbé ayùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Torí ìyẹn lo ṣe fi bátìrì sí i?" Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó dáa. Kí ló ṣe abẹ̀bẹ̀ mi?"

Kò síbi tí ọmọ náà tún lè sá sí. "Wọ́n nà jù, Bàbá. Ó yẹ kí wọ́n lọ́ díẹ̀ kí atẹ́gùn tó lè yí wọn. Ọwọ́ mi kò yẹ̀ nínú àwòrán yẹn."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ tí ẹ gbé wọn fún mi."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni Bàbá wí. Kò pariwo. Ọmọ náà ìbá fẹ́ kó pariwo. "Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń fi nǹkan yẹn yangàn, o ń wò mí. Nígbà tí mo ṣubú, gbogbo ẹni tó ń wá kí mi ló ń sọ pé gbígbọ̀n ọwọ́ mi kò hàn rárá. Mo kan ilẹ̀kùn fún obìnrin kan, ó ní ó dára, ó kí mi kú iṣẹ́, ó sì lọ pe káfíńtà mìíràn kó wá tún un ṣe. Ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fi ibi tó wọ́ hàn mí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ibi tí màá fá? Mo rò pé bí wọ́n bá tiẹ̀ ń tàn mí níta, ọmọ mi ò ní tàn mí nínú ilé."

Ọmọ náà sunkún, kì í sì í ṣe torí máàkì. Ó ti rò pé òun ń gba baba òun là lọ́wọ́ ìtìjú, òun náà ló wá kó o lọ síwájú èrò.

Bàbá mú ayùn, ó gbé e padà sórí tábìlì iṣẹ́. "Gbé àwòrán yẹn wá," ló wí níkẹyìn. "Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọ náà ń di igi mú, Bàbá ń fá a. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń na igi tó wọ́," ló ń ráhùn, "ọmọ bíbí inú mi wá ní kí n lọ́ èyí tó nà." Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n, yóò sinmi, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó ba abẹ̀bẹ̀ kan jẹ́ pátápátá, ó sọ ọ́ nù, ó mú igi tuntun. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ìwé wà lórí ọmọ, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ baba.

Ní ọ̀sán Sátidé, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lọ sí pápá gbalasa tó wà lẹ́yìn ilé. Àwọn mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, bàbá, ìyá, ọmọ. Atẹ́gùn dé, abẹ̀bẹ̀ sì gbé e, ó ń yí fìrì-fìrì tí ojú kò lè kà á mọ́. Iná rẹ̀ kò tó ti bátìrì rárá. Màámi ní láti fi ọwọ́ méjèèjì ṣíji bo gúlóòbù kó tó rí i. "Ó ń tàn," ló wí. "Ó pọ́n bí ojú ológbò, àmọ́ ó ń tàn."

Bàbá kò wo iná. Òpó ló ń wò, bó ṣe ń mì tìtì. "Kí ló tún kù?" ló bi ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀rù ba ọmọ náà díẹ̀, nítorí inú baba rẹ̀ ń dùn. Lóòótọ́, ẹlòmíràn ni yóò lọ sí ìdíje, òdo sì wà nínú ìwé olùkọ́ láìpa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí òdo náà kọ́ ọ ti wọ̀ ọ́ lára: kì í ṣe ọ̀wọ̀ ni kí a máa fi àṣìṣe àgbà pamọ́ fún un, nítorí ẹni tí a kò bá sọ òótọ́ fún nínú ilé, ìta ni yóò ti gbọ́ ọ, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Abẹ̀bẹ̀ kẹta wúwo ju àwọn yòókù lọ, Bàbá. Òun ló ń mi òpó."

"Ṣé mi ò fá a tó ni?"

"Ẹ ò fá a tó."

Bàbá gbà bẹ́ẹ̀, ó sì na ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n sí i. "Tú u wá."