Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn Màmá Mi

Mo di etí aṣọ ìbùsùn mú, ìyá àgbà di etí kejì mú, a sì ń fà á kó lè gún. Aṣọ oníbàárà ni. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé wa: ìyá àgbà ń fọ aṣọ, màmá mi ń lọ̀ ọ́. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a sin màmá mi. Èmi ni mo wà ní ipò wọn báyìí.

Nígbà tí ara màmá mi ṣì le, aṣọ kíká kì í ṣe iṣẹ́ nílé wa, eré ni. Màmá mi á ṣàdédé fa aṣọ náà, ìyá àgbà á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, wọ́n á ní, “Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ kán mi lẹ́yìn.” Àwọn méjèèjì á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Èmi á máa kùn pé wọn ò jẹ́ kí n kàwé. Irọ́ ni. Kò sí ibi tí mo tún fẹ́ wà láyé yìí.

Àfi bí àìsàn ṣe gbé màmá mi dè. Lọ́jọ́ tí mo parí ìdánwò àṣekágbá, ìyá àgbà fẹ́ lọ kó aṣọ fún oníbàárà. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi. Wọn ò tíì jìnnà tí ọ̀rẹ́ mi tí a ń pè ní Ṣekárími fi dé ojú fèrèsé. Ó ní gbogbo ẹgbẹ́ wa ti pé, a fẹ́ ya fọ́tò ìdágbére, èmi nìkan ló kù. Mo ní ara màmá mi ò yá. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, àbí màmá mi fẹ́ sá lọ ni? Mo rẹ́rìn-ín, mo tẹ̀lé e.

Wákàtí kan àtààbọ̀ ni mo lò. Nígbà tí mo padà dé, màmá mi ti kú. Ọwọ́ wọn kan rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo gbé e padà sí àyà wọn, mo jókòó tì wọ́n.

Ìyá àgbà dé, wọ́n sunkún títí ohùn wọn fi há. Wọ́n wá bi mí ohun tí ọmọ wọn sọ kó tó lọ. Mo ní wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, “Sọ fún ìyá mi pé mo dúpẹ́, wọ́n tọ́jú mi.” Ìyá àgbà wò mí, wọ́n fi aṣọ bo ọmọ wọn.

Òní ni wọ́n tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, bí a ṣe ń pa etí aṣọ pọ̀.

“Ọmọ mi ò pè mí ní ìyá rí,” ni wọ́n wí.

Òótọ́ ni. Ìyàwó ni màmá mi máa ń pè wọ́n. Bí gbogbo ará ilé ṣe ń pè wọ́n nìyẹn nígbà tí màmá mi ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ, kò sì kúrò lẹ́nu wọn mọ́. Mo mọ̀ dáadáa. Ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí n gbàgbé lọ́jọ́ náà.

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

“Ṣé omi wà nítòsí ọmọ mi nígbà tí o jáde?” ni ìyá àgbà bi mí.

Mo ní n ò mọ̀.

Mo wá sọ ohun tí màmá mi sọ gan-an kí n tó jáde: “Sọ fún Ìyàwó pé kí wọ́n rọra lo áyọ́ọ̀nù mi o, kí wọ́n má jó aṣọ aláṣọ.” Ó ti kéré jù lójú mi láti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ìdí nìyẹn tí mo ṣe fi tèmi rọ́pò rẹ̀.

Ìyá àgbà gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, wọ́n dá a ká.

“Ó dáa,” ni wọ́n wí. “O ti wá mọ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ báyìí.” Wọ́n rò pé mo tún parọ́ ni.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ìjáde mi burú, ṣùgbọ́n irọ́ tí mo fi bò ó burú jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni màmá mi fi sílẹ̀ fún ìyá wọn, ẹnu mi ni wọ́n fi sí, ìyá àgbà ò sì lè gbà á gbọ́ lẹ́nu mi mọ́.