Wáyà Tó Wà Lábẹ́ Àga

"Ó tún ti kú!" Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdérí ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń gbá ọmọ alágídí létí. "Kí ni mo ṣe fún ọ ná?"

Ọmọ rẹ̀ obìnrin rẹ́rìn-ín níbi tó kúnlẹ̀ sí nínú koríko. Ẹnjiníà ni Bàbá máa ń pè é láti ìgbà tó ti mọ ọ́ìlì í pààrọ̀, tó sì mọ abẹ í pọ́n. Katakata kékeré tí èèyàn ń jókòó lé lórí gé koríko ni Bàbá fi ń tọ́jú pápá ilé ìwé tó ń bá ṣiṣẹ́. Ilé òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gbé sì wà ní ìsàlẹ̀ pápá náà, nítòsí géètì, níwájú rẹ̀ ni Ìyá Àgbà, ìyá Bàbá, sì máa ń jókòó gba atẹ́gùn.

"Súìṣì abẹ́ àga ni, Bàbá. Ó yẹ kó pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ bá dìde. Ṣùgbọ́n báyìí, bí ẹ bá ti gun òkìtì kékeré, ó rò pé ẹ ti dìde nìyẹn."

"Ó rò pé mo ti fò lọ! Bá mi tún un ṣe, jàre. Ọ̀gá àgbà fẹ́ kí pápá yìí mọ́ kí àwọn àlejò ọ̀la tó dé." Bàbá bá lọ mu omi nílé.

Ẹnjiníà mọ ohun tó yẹ kó ṣe: kó ṣí àga, kó fi sáńpépà ha ìpẹtà ẹnu súìṣì, kó di àwọn bóòtì tó ń mì, kó sì dán an wò. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Ẹlẹ́nu ti dúró sí géètì, ó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. Ọ̀sán yẹn ni àṣekágbá ìdíje àdúgbò, Ẹnjiníà ló sì ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ wọn.

"Ṣé katakata lo fẹ́ fẹ́ ni?" Ẹlẹ́nu rìn wá bá a. "Wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ o! Ẹ̀gbọ́n mi ní bí súìṣì bá ń dààmú èèyàn, kó fi wáyà so ẹnu rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Kò ní lè pa ẹ́ńjìnnì mọ́. Ó parí!"

"Bàbá ò ní gbà."

"Ta ló fẹ́ sọ fún wọn? Àbí katakata á ròyìn ni?"

Ọkàn Ẹnjiníà ṣe méjì. Ó wo súìṣì, ó wo géètì. Lẹ́yìn náà ó gé wáyà, ó fi so ẹnu méjèèjì pọ̀, ó da àga padà. Ìrù wáyà náà yọ díẹ̀ lẹ́yìn àga.

Bàbá dé, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó gun òkìtì. Kò kú. "Ẹnjiníà mi!" ló pariwo. "Ọwọ́ ẹ dáa o!"

Ìyìn náà kò dùn mọ́ ọn bó ṣe máa ń dùn. Òun àti Ẹlẹ́nu mú ọ̀nà géètì pọ̀n. Òórùn koríko tútù gba afẹ́fẹ́ kan, ilà tí katakata ń fà sórí pápá sì gún bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ó bojú wẹ̀yìn láti wò ó.

Ìgbà yẹn ni Bàbá rí ẹ̀ka igi kan lójú ọ̀nà. Ó dìde kúrò lórí àga, ó sọ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń wa katakata yìí, kì í fi jíà sí fíríì, ibi tí ẹ́ńjìnnì kì í ti í yí táyà, kó tó sọ̀. Á kàn dìde, ẹ́ńjìnnì á kú, gbogbo rẹ̀ á dúró. Ẹnjiníà mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò dúró. Katakata gba ẹ̀gbẹ́ Bàbá kọjá, òun nìkan, abẹ rẹ̀ ń yí, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ pápá. Ìyá Àgbà sì wà níbẹ̀, ó kẹ́yìn sí wọn lórí àga rẹ̀, ó ń tòògbé.

"Ìyá! Ìyá o!" Bàbá ń sáré tiro, orúnkún rẹ̀ kò gbà fún un. Etí Ìyá Àgbà kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́.

Ẹnjiníà bọ́ bàtà sílẹ̀, ó fò sáré. Ó dé ẹ̀yìn katakata, ó na ọwọ́, ó gbá ìrù wáyà náà mú, ó sì fà á já. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó gbọ̀n, ó dákẹ́. Bí èèyàn bá dúró sí iwájú katakata, ó lè fọwọ́ kan ẹ̀yìn àga Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà lajú. "Ẹ ti parí? Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ fẹ́ gé abẹ́ àga mi náà ni?"

Bàbá dé, ó jókòó bàràbàrà sórí koríko, ẹ̀rín àti omijé dàpọ̀ lójú rẹ̀. "Ọpẹ́ o! Ó kú fúnra rẹ̀! Súìṣì tí o tún ṣe ló yọ wá, ọmọ mi!"

Wáyà náà wà nínú ìkúùkù Ẹnjiníà, àpò rẹ̀ kò sì jìnnà. Lẹ́yìn Bàbá, Ẹlẹ́nu ń mi orí fún un pé kó má sọ̀rọ̀. Ẹnjiníà la ọwọ́ rẹ̀.

"Kò kú fúnra rẹ̀, Bàbá. Mi ò tún súìṣì ṣe. Wáyà ni mo so síbẹ̀, torí mo fẹ́ tètè lọ gbá bọ́ọ̀lù."

Bàbá gba wáyà náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀," ló sọ. "Mi ò kì í fi jíà sí fíríì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí súìṣì yẹn ti ń bo ọ̀lẹ mi láṣìírí. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ ohun tó ń ṣọ́ wa, o sì fi wáyà dí i lẹ́nu."

Ẹnjiníà sunkún. Bàbá jẹ́ kó sun ún tán. "Ó yá, mú sáńpépà wá."

"Ẹ má bínú, Bàbá," Ẹlẹ́nu kùn. "Ẹnu mi ló ya wèrè."

"Wá di bóòtì yìí mú. Ẹnu ò lè dì í."

Wọ́n ha ìpẹtà kúrò, wọ́n di gbogbo bóòtì. Láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n gbọ́ tí àwọn èèyàn ń hó: wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù sílé tí Ẹnjiníà kò sí níbẹ̀ láti ṣọ́. Kò gbójú sókè.

Bàbá gun òkìtì. Ẹ́ńjìnnì kò kú. Ó fi jíà sí fíríì, abẹ ṣì ń yí, ó dìde díẹ̀ lórí àga. Ẹ́ńjìnnì kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ti bí Bàbá nínú lẹ́ẹ̀kan wá tu Ẹnjiníà lára bí omi tútù. Ó yé e wàyí pé ohun tó ń dá èèyàn dúró nígbà tó ń kánjú lè jẹ́ ohun tó ń ṣọ́ ẹ̀mí ẹlòmíràn, àti pé àtúnṣe tí èèyàn kò lè fi han ẹni tó máa lò ó kì í ṣe àtúnṣe rárá.

"Ó mà dákẹ́ dáadáa," ni Ìyá Àgbà wí, ó sì padà sídìí oorun rẹ̀.