Bàtà Búlúù Orí Ìṣó

"Ẹ bọ́ bàtà," ni Màmá Ìṣó wí. "Ẹsẹ̀ kan fún mi, ẹsẹ̀ kan sínú àpò yín. Ẹ má bi mí pé kí ló dé, gbogbo ayé ló ti bi mí."

Ahéré onípákó kan ni wọ́n dúró sí, létí omi, níbi tí àwọn tó bá wá wo igbó ẹ̀gbà ti máa ń wọlé. Ìṣó kún ara ògiri ahéré náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ara ìṣó wọ̀nyí ni ìyá arúgbó náà ń fi bàtà àwọn àlejò kọ́, ibẹ̀ ló sì ti rí orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ọmọbìnrin tó kàn láti bọ́ bàtà kò tètè bẹ̀rẹ̀. Ó wo ìṣó, ó wo ìyá arúgbó, ó wá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ní kó yọ eyín sílẹ̀.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ kan?"

"Ẹ ò rí i, ó ti bi mí," ni Màmá Ìṣó sọ fún àwọn yòókù, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Amọ̀nà tó máa mú wọn wọ inú igbó ló dáhùn. Ọkùnrin gíga kan ni, tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ bíi pé ọmọ kan ń sùn nítòsí. "Pákó tí a máa rìn lé máa ń tutù," ó ní, "bàtà sì máa ń yọ̀ lórí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a ò fi ń wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti jáde ló ń mú ẹsẹ̀ tó kọ́ síbí. Bí gbogbo ìṣó bá ti ṣófo, gbogbo èèyàn ti jáde nìyẹn, a lè ti géètì. Bí bàtà kan bá kù, èèyàn kan ṣì wà nínú igbó. Mo ti ń ka orí èèyàn tẹ́lẹ̀ rí, mo ń ṣì í kà. Bàtà kì í rìn kiri nígbà téèyàn bá ń kà á."

"Lọ́yà, bọ́ bàtà," ni ìyá ọmọbìnrin náà wí.

Lọ́yà ni wọ́n ń pè é nílé, òun náà ni wọ́n ń pè é nílé ẹ̀kọ́ girama tó ti wà ní ọdún àṣekágbá, nítorí kì í fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni láìmú ẹ̀rí lọ́wọ́. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá gé aṣọ oníbàárà ní àṣìṣe nínú ṣọ́ọ̀bù, tó sì lọ fi pamọ́, Lọ́yà á ti wá ègé aṣọ náà rí nínú pàǹtí, á tẹ́ ẹ síwájú ìyá rẹ̀ lórí tábìlì, kó tó wá la ẹnu.

Lọ́jọ́ yìí, ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ ju ti aṣọ lọ. Amọ̀nà yìí fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí Lọ́yà ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni bàbá rẹ̀ ti kú, àwọn méjèèjì péré ni wọ́n sì jọ ń gbé. Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún un nídìí máṣíìnì, kò fi bò. "Èmi gbà á," ó ní, "àmọ́ inú ilé àwa méjì ló ń bọ̀. Jẹ́ ká jọ lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, kí o wò ó dáadáa. Bí o bá ní rárá, rárá náà ni." Kò sẹ́ni tó gbé irú agbára bẹ́ẹ̀ lé Lọ́yà lọ́wọ́ rí. Ó sì wá wo ọkùnrin náà dáadáa lóòótọ́, àmọ́ ohun tó máa mú kó sọ pé rárá ló ń wá kiri.

Ìgbà tó na bàtà rẹ̀ sí Màmá Ìṣó ló rí i. Lórí ìṣó òkè pátápátá, níbi tí bàtà àwọn àlejò kò tíì dé, ẹsẹ̀ bàtà obìnrin kan dá wà níbẹ̀. Búlúù ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, eruku sì ti bò ó.

"Màmá, ta ló ni ìyẹn?"

"Ẹni tí kò tíì padà wá mú un."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Kọjá, ọmọ mi, ẹni ẹ̀yìn rẹ ń dúró."

Lọ́yà bojú wo amọ̀nà. Ọkùnrin náà ti kọjú sí omi, ó ń ká okùn tó ti ká tẹ́lẹ̀. Ṣé òun náà kọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé bí bàtà kan bá kù, èèyàn kan ṣì wà nínú igbó? Ojú rẹ̀ lọ sára géètì onírin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré. Ṣéènì rẹ̀ rọ̀ dirodiro, ó ti dípẹtà bí ohun tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ọdún mélòó kan.

Wọ́n wọ inú igbó. Igbó náà dára, ká má purọ́. Gbòǹgbò igi ẹ̀gbà yọ jáde látinú omi iyọ̀, wọ́n tẹ̀ kọdọrọ, wọ́n wá di igi mú sókè bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Àwọn akàn pupa ń sá wọ ihò. Àwọn ẹja kéékèèké kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n jáde kúrò nínú omi, tí wọ́n ń fò lórí ẹrẹ̀, tí wọ́n sì ń yọ ojú ràǹdà bí ẹni tó gbọ́ òfófó. Lékelèke fò kọjá lórí wọn. Àwọn ọ̀bọ ń jókòó wò wọ́n látorí ẹ̀ka bíi pé àwọn gan-an ló wá wo èèyàn.

Lọ́yà rí gbogbo rẹ̀, kò sì gbádùn ọ̀kankan. Amọ̀nà fi ọ̀pá gún ẹrẹ̀, ọ̀pá náà sì wọlé títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. "Ẹrẹ̀ yìí jìn," ó ní. "Ohun tó bá bọ́ sínú rẹ̀ kì í tètè yọjú." Àwọn yòókù mi orí. Lọ́yà tọ́jú ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Wọ́n rí ọ̀nì kan tó ń yáàrùn létí omi, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì sì béèrè bóyá ó máa ń jẹ èèyàn.

"Tibí yìí kò tíì jẹ ẹnikẹ́ni," ni amọ̀nà wí.

"Ìyẹn àwọn tí ẹ mọ̀," ni Lọ́yà wí.

Ìyá rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Amọ̀nà wò ó, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti jókòó jẹ búrẹ́dì, Lọ́yà ń fọ ọwọ́ lẹ́yìn òpó nígbà tó gbọ́ ohùn ọkùnrin náà. "Ìyá Lọ́yà," ó ń sọ jẹ́jẹ́, "tí a bá dé ilé ìṣọ́ tí a ti ń wo ẹyẹ, ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi. Ibì kan wà tí mo fẹ́ fi hàn yín, àwa méjì péré."

Lọ́yà da ọ̀rọ̀ náà pọ̀ mọ́ ti bàtà. Obìnrin kan bá ọkùnrin yìí wọ igbó, kò jáde. Obìnrin mìíràn ló tún fẹ́ mú lọ síbi kọ́lọ́fín kan báyìí, ìyá òun sì ni. Ká ní ó tọ ìyá rẹ̀ lọ nígbà yẹn, kó sọ pé, "Màámi, mo rí bàtà kan, ara sì ń fu mí," ìtàn wa ì bá parí síbí. Àmọ́ Lọ́yà kì í sọ̀rọ̀ láìsí ẹ̀rí.

"Ó ti rẹ̀ mí," ó sọ fún ìyá rẹ̀. "Mo fẹ́ lọ jókòó ti Màmá Ìṣó."

"Ṣé ara rẹ dá?"

"Ara mi dá, Màámi. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí."

Ó padà lórí pákó. Màmá Ìṣó ti lọ pọn omi lẹ́yìn ahéré, ó ń kọrin lábẹ́ ọ̀fun. Lọ́yà gun àpótí, ó já bàtà búlúù náà lórí ìṣó. Ó mú tirẹ̀, ó tún mú ti ìyá rẹ̀, nítorí ó ti ro ọ̀rọ̀ náà parí: ó máa sáré bá ìyá rẹ̀ nílé ìṣọ́, ó máa fi bàtà hàn án, àwọn méjèèjì á sì gba orí pákó jáde tààrà sí títì láìtún dúró níbi kankan. Ó kó bàtà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò, ó tún wọ inú igbó lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà pákó náà yà síbi púpọ̀ kó tó dé ilé ìṣọ́. Ó yà síbi tí kò yẹ, ó padà, ó tún yà. Nígbà tó fi máa débẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni. Ó gun òkè, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí ọkọ̀ ojú omi wọn lọ́nà jíjìn, bó ṣe ń ya kọ́nà, ó kéré bí èèpo ẹ̀pà. Ó pariwo. Àwọn ẹyẹ ló dá a lóhùn.

Ó sọ̀ kalẹ̀ láti padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sínú omi. Omi òkun ti ń kún. Pákó tó rìn lé wá kò sí mọ́, omi dúdú ti bò ó, àwọn ẹja olójú ràǹdà ti gun gbòǹgbò igi lọ. Lọ́yà padà gun òkè, ó jókòó, ó di àpò mọ́ àyà. Nígbà yẹn ni ohun tó ṣe wá yé e. Kò sí bàtà rẹ̀ lórí ìṣó mọ́. Lójú gbogbo èèyàn, ó ti jáde.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ròyìn fún un lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Màmá Ìṣó sọ pé, "Ọmọ yín ti mú bàtà yín méjèèjì, ó ti lọ dúró ní títì." Amọ̀nà sáré lọ sí títì, kò bá a. Wọ́n bi àwọn ọlọ́kadà, wọ́n bi oníṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó rí i. Ojú Màmá Ìṣó ló kọ́kọ́ lọ sókè ògiri.

"Búlúù náà ti lọ," ó ní.

Ìyá Lọ́yà béèrè èwo ni búlúù, wọ́n sì sọ fún un. Ó jókòó sórí àpótí náà, ó fọwọ́ lẹ́rán. "Ọmọ mi kì í mú nǹkan kó sì sá lọ," ó ní. "Bó bá mú nǹkan, ó fẹ́ wá fi hàn mí ni. Inú igbó sì ni mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sínú igbó."

Oòrùn ti rẹlẹ̀ nígbà tí Lọ́yà gbọ́ ìró àjẹ̀. Kò lè pariwo mọ́, ohùn rẹ̀ ti há. Ó gbé bàtà búlúù náà sókè, ó ń jù ú fìrìfìrì títí wọ́n fi rí i. Amọ̀nà fa ọkọ̀ mọ́ àtẹ̀gùn, ó nawọ́ sí i, Lọ́yà sì dì í mú, nítorí kò sí ọwọ́ mìíràn níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, kò sọ̀rọ̀. Èyí tí kò sọ̀rọ̀ yẹn dun Lọ́yà ju igba èébú lọ.

Nígbà tí èémí rẹ̀ wálẹ̀, ó gbé bàtà náà sórí itan. Ó wo ọkùnrin náà lójú. "Níbo ni ẹni tó ni bàtà yìí wà?"

Amọ̀nà dá àjẹ̀ dúró. Omi ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀ tó-tó-tó.

"Ìyàwó mi àtijọ́ ló ni ín," ó ní. "Mo ti sọ fún ìyá rẹ pé ó kọ̀ mí sílẹ̀. Mi ò sọ bó ṣe kọ̀ mí. Ó ní òun fẹ́ bá mi wọ igbó láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi bàtà kọ́ bíi ti gbogbo èèyàn. Mo yíjú, mi ò rí i mọ́. Mo wọ inú ẹrẹ̀ yìí dé àyà, èmi àti gbogbo apẹja, à ń fi ọ̀pá wá òkú rẹ̀. Ó di ọjọ́ kejì kí ó tó pè mí lórí fóònù. Ọkọ̀ apẹja kan ló gbé e gba òdìkejì jáde, ó ti wà nílùú míì, ó ní kí n má wá òun. Ibi tí mo ti ń wá a yẹn ni mo fẹ́ fi han ìyá rẹ lónìí, kí n lè rójú sọ ọ́. Ojú ló tì mí, tí mi ò fi lè mú un lọ síbẹ̀ mọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò jù ú nù?"

"Ẹni tó ni bàtà nìkan ló ń mú un kúrò lórí ìṣó. Èmi ni mo ṣe òfin náà. Bí mo bá yọ ọ́ fúnra mi, òfin náà ti bàjẹ́."

"Ẹ ò wá bi í?"

"Kí ni mo fẹ́ bi í?"

"Pé kí ló fẹ́ kí ẹ fi bàtà òun ṣe. Ṣé nọ́ńbà rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ yín ni?"

Ìyá Lọ́yà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi etí ìborùn nu ojú.

Iwájú ahéré ni amọ̀nà ti pe nọ́ńbà náà, ó gbé e sí gbangba kí gbogbo wọn lè gbọ́. Obìnrin kan gbé e, wọ́n kí ara wọn bí ẹni tí kò bá ara wọn jà mọ́.

"Bàtà wo?" ni obìnrin náà wí. "Áà, búlúù yẹn. Ó ṣì wà níbẹ̀? Ẹ dárí jì mí, ó yẹ kí n ti pè yín tipẹ́. Ẹsẹ̀ kejì ti wọ ààtàn láti ọdún náà. Ẹ jù ú nù, ẹ jọ̀ọ́."

Màmá Ìṣó gba bàtà náà lọ́wọ́ Lọ́yà, ó gbọn eruku rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú garawa pàǹtí. "Mo ti ní kó pè é tipẹ́," ó ń ráhùn. "Ṣé wọ́n máa ń gbọ́ tèmi níbí?"

Lọ́yà kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mo ti pe yín ní apànìyàn nínú ọkàn mi láti àárọ̀."

"Mo rí i lójú rẹ," ni amọ̀nà wí. "Dìde. Ká ní mo dá ọ lóhùn nígbà tó o béèrè lórí bàtà yẹn láàárọ̀, dípò kí n máa ká okùn, o ò ní rìn débẹ̀. Èmi náà jẹ̀bi."

Lẹ́yìn náà ó lọ síbi géètì. Ṣéènì náà ti gan, ó sì fà á títí kó tó gbà fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún wọ̀nyí tó máa ti géètì náà, nítorí gbogbo ìṣó ti ṣófo.

Lójú ọ̀nà ilé, ìyá rẹ̀ yíjú sí i.

"Lọ́yà, kí ni ìdájọ́?"

"Mi ò ní sọ pé rárá, Màámi. Àmọ́ ìbéèrè ṣì wà lẹ́nu mi."

"Bi í."

"Lójú yín ni màá ti bi í."

Láti ọjọ́ náà, Lọ́yà kò yé fura, kò sì yẹ kó yé, nítorí ohun kan wà lóòótọ́ tí ọkùnrin náà fi pamọ́. Ẹ̀kọ́ tó kọ́ ni pé bí ara bá fu èèyàn, kó kọ́kọ́ sọ ọ́ síta fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, kó sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹni tó bá dákẹ́, tó ń dá ẹjọ́ nínú ara rẹ̀, lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ bàtà rẹ̀ kúrò lórí ìṣó, kí àwọn tó yẹ kó wá a sì rò pé ó ti délé.