Físíbù Tó Sùn Nínú Ilé

Irin náà ṣì gbóná nígbà tí Lábọ̀dé fa ìjókòó alùpùpù náà kúrò. Rọ́bà tó ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ọn níka. Kò ké. Ó ń wá ohun tó dá iná sílẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á pé iṣẹ́ ọwọ́ òun lòun máa bá níbẹ̀.

Òun ló tún wáyà alùpùpù yẹn ṣe níjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Láàárọ̀ yìí, ó gbiná mọ́ Prisca, nọ́ọ̀sì Idigny, nídìí lójú ọ̀nà Kétou. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bó.

Landry, ọkọ rẹ̀, dúró lẹ́yìn Lábọ̀dé pẹ̀lú àdá. Àwọn ẹbí dúró tì í. Wọn ò pariwo. Ìyẹn ló bani lẹ́rù jù.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ tún un ṣe," ni Landry wí. "Tí ẹ ò bá fi ẹlòmíràn hàn mí kí oòrùn tó wọ̀, ilé iṣẹ́ yín á jó. Ẹ̀yin náà á wà nínú rẹ̀."

Lábọ̀dé tún tẹ̀ ba wáyà náà, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. 

Ohun méjì ló rí. Iná a máa sọ rọ́bà wáyà di kókó-kókó. Ṣùgbọ́n níbi kan lábẹ́ ìjókòó, ojú rọ́bà náà gún régé. Ọ̀bẹ ló gé e. Ọ̀gangan ibẹ̀ ni Prisca máa ń so àpò ìwé rẹ̀ mọ́. Ìkejì wà nínú ilé físíbù. Físíbù ni gíláàsì kékeré tí okùn inú rẹ̀ máa ń já kí wáyà tó jó. Kò sí gíláàsì níbẹ̀. Wáyà nínípọn ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ká sí mẹ́ta.

Kì í ṣe òun ló fi í síbẹ̀. Ta ló máa gbà á gbọ́?

Aboubakar ló fi alùpùpù tirẹ̀ gbé Lábọ̀dé lọ bá Prisca ní ọsibítù ní Kétou. Inú ọgbà kan náà ni òun àti Prisca ń gbé, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó ta alùpùpù náà fún òun. Lábọ̀dé jókòó sẹ́yìn ẹni tó ń fura sí.

"Bàbá, ẹ dì mí mú dáadáa," ni Aboubakar wí. "Tèmi kì í jó èèyàn."

Lábọ̀dé di irin ẹ̀yìn mú.

Prisca sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ìwé àkọsílẹ̀ iye oògùn ilé ìwòsàn lòun ń gbé lọ sí ọ́fíìsì ìlera, ó sì ti jóná pátá. Landry kò fẹ́ kó lọ. Wọ́n jà lálẹ́ àná. Títì ni ẹnu ọ̀nà ọgbà wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn tó sùn nínú rẹ̀ ni òun, ọkọ rẹ̀, Aboubakar, àti Parfait, olùtọ́jú oògùn, tó ti Pobè dé lóṣù tó kọjá, tí kò sì tíì ní alùpùpù.

"Físíbù rẹ ńkọ́, ọmọ mi?"

Ó ronú. Ó na ọwọ́ sí ìró rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn. Lábọ̀dé tú kókó etí rẹ̀. Gíláàsì kékeré náà wà níbẹ̀, odindi.

"Mo gbàgbé láti fi í sí i," ni Prisca wí. "Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn. Mo ní Ọlọ́run ló ṣe é."

Láti ìgbà tí olè ti kó alùpùpù mẹ́sàn-án lọ ní Idigny, gbogbo ará ibẹ̀ ló ń yọ físíbù wọn sùn, tí wọ́n ń dá a padà láàárọ̀. Ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní fi wáyà síbi tí ẹni tó ni alùpùpù máa ṣí láàárọ̀.

Nígbà tí oòrùn ń rẹlẹ̀, ó pe àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó sùn nínú ọgbà náà sí ilé iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n bá òun tẹ alùpùpù òun, pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Físíbù rẹ̀ wà nínú fìlà rẹ̀.

Landry na ọwọ́. "Físíbù dà?"

Aboubakar bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n fi ẹnu fọn ọ́n ni, Bàbá?"

Parfait tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́jọ. Ó ṣí i. "Físíbù rẹ̀ ti sọnù," ló wí. Ó mú wáyà lórí tábìlì, ó ká a sí mẹ́ta, ó kì í bọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn.

Lábọ̀dé pa ẹ́ńjìnnì náà. Ó gbé wáyà tó jó kalẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ìwọ nìkan ni kò mọ̀ pé físíbù máa ń sùn nínú ilé."

Ọwọ́ Parfait wọ àpò. Ọ̀bẹ yọ. Lábọ̀dé dí ẹnu ọ̀nà. Landry gbé àdá sókè. Parfait wò ó, ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó jẹ́wọ́. Nígbà tí Prisca ń wẹ̀ láfẹ̀mọ́jú ló gé rọ́bà náà, kí wáyà lè máa kan irin. Ó bá ilé físíbù lófìfo, ó rò pé ó ti sọnù, ó sì fi wáyà dípò rẹ̀ kí alùpùpù lè dáhùn, kí nǹkan kan má sì dá iná náà dúró. Ó ti ń kó oògùn ibà àwọn ọmọdé kọjá ààlà lọ tà. Ìwé yẹn ni ì bá tú u fó.

"Ìwé ni mo fẹ́ kó jó," ló wí. "Mi ò fẹ́ kí òun jó."

Landry rìn sún mọ́ ọn. Lábọ̀dé gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá dé láti Kétou, wọ́n ṣí yàrá oògùn ilé ìwòsàn. Nínú ogún páálí oògùn ibà àwọn ọmọdé, mẹ́rin ló kù.