Orúkọ Tó Wà Lára Fáìlì Náà

Ìwé ni Babátọ́pẹ́ kọ́kọ́ rí kó tó rí ọmọbìnrin náà. Ìwé bo gbogbo ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì wọn ní Kàbà, òkúta kéékèèké wà lórí ìdì kọ̀ọ̀kan kí atẹ́gùn ọyẹ́ má bàa gbé e lọ, ọmọbìnrin pupa kan sì kúnlẹ̀ sáàárín wọn, ó fi bírò há irun, ó ń kọ orúkọ ìlú sára páálí pélébé. Babátọ́pẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà rẹ̀, eruku pupa ti bò ó látorí dé bàtà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Okun o," ni ó wí, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kíra wọn.

"Okun." Ọmọbìnrin náà kò gbójú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lórí Ògìdì."

Babátọ́pẹ́ wolẹ̀. Lóòótọ́, bàtà rẹ̀ wà lórí páálí tí wọ́n kọ Ògìdì sí.

"Ọmọ Ògìdì ni mí," ló wí. "Àtìgbà tí wọ́n ti bí mi ni ẹsẹ̀ mi ti wà lórí rẹ̀."

Ìgbà náà ni ó tó gbójú sókè, tó sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn kò jẹ́ kí Babátọ́pẹ́ gbádùn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Moyinolúwa ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀kìnrìn-Àdé. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún ọgọ́ta abúlé ní ilẹ̀ Okun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn lé ní igba: àwọn tó ń wá ojú omi, àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀, àwọn tó ń yẹ omi wò, àwọn tó ń kọ ìròyìn. Inú áàpù kan ni gbogbo wọn ń kó ìwé iṣẹ́ wọn sí, oníkálukú sì ń kó o síbi tó wù ú. Ẹnì kan dá ìsọ̀rí kan sílẹ̀, ó pè é ní "Kànga". Ẹlòmíràn dá "Kànga Tuntun" sílẹ̀. Ẹnì kẹta dá "Kànga Tuntun Gan-an". Bí ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀wálé, bá ń wá ìwé kan, ó lè wá a títí di ọ̀sán kó má rí i.

Moyinolúwa tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ó tẹ àwọn ìwé náà jáde, ó tò wọ́n sílẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè rí wọn dáadáa, lẹ́yìn náà ló wá dá wọn padà sínú áàpù ní ìsọ̀rí mẹ́ta péré fún abúlé kọ̀ọ̀kan: "À Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò", "Dá A Dúró", "Ó Ti Parí". Ìwé tó bá ti wọ "Ó Ti Parí", àwọn tó ń ṣí omi fún ará ìlú yóò lọ ṣí i láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

Iṣẹ́ Babátọ́pẹ́ ni láti bu omi kànga kọ̀ọ̀kan lọ fún àyẹ̀wò ní Lọ́kọ́ja, kó gba èsì rẹ̀, kó sì fi fóònù gbé e síbi tó yẹ. Ó wá ń rí ìdí láti máa yà ní ọ́fíìsì lójoojúmọ́.

"Ìyá Fáìlì," ni yóò wí, "inú ìsọ̀rí wo lẹ fi mí sí?"

"À Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò," ni Moyinolúwa máa ń dá a lóhùn.

Kó tó di oṣù kẹta, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, wọ́n sì ti ń jẹun ọ̀sán nínú abọ́ kan. Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹta náà, Babátọ́pẹ́ ní kó jẹ́ kí àwọn lọ kí ìyá òun. Òun ń bọ̀ láti Lọ́kọ́ja, kí Moyinolúwa dúró de òun ní gáréèjì Kàbà. Ó pẹ́ kó tó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, Moyinolúwa kò lè bínú sí i.

Abúlé kékeré kan lẹ́yìn Ògìdì ni ìyá náà, Fẹ̀hìntọlá, ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Benjamin, bàbá Babátọ́pẹ́. Wọ́n bá a níbi tó ti ń ṣa kàṣú, èyí tó dára lọ́tọ̀, èyí tó ti bu lọ́tọ̀.

"Iṣẹ́ wo nìwọ ń ṣe, ọmọ mi?"

"Èyí tí ẹ ń ṣe yìí gan-an ni, Mà. Ìwé ni tèmi."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ṣa kàṣú náà tán. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó fún ọwọ́ Moyinolúwa mọ́ra, ó ní, "Má pẹ́ kó o tó padà wá."

Ní oṣù karùn-ún, wọ́n ṣí omi fún abúlé náà. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn èèyàn níbẹ̀. Àwọn yòókù yè é. Ìyá Babátọ́pẹ́ kò yè é.

Wọ́n sin ín ní Sátidé. Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀wálé pe Moyinolúwa pé kó wá ìwé àyẹ̀wò kànga náà jáde. Ó wà nínú "Ó Ti Parí". Moyinolúwa ṣí i. Ohun tó kà níbẹ̀ ni pé ìdọ̀tí wà nínú omi náà, kí ẹnikẹ́ni má mu ún.

Inú "Dá A Dúró" ló yẹ kó wà. Ó tẹ ibi tí áàpù náà ń tọ́jú ìtàn fáìlì kọ̀ọ̀kan sí, ibi tí òun nìkan lágbára láti dé. Orúkọ ẹni tó gbé e síbẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Babátọ́pẹ́ ni. Ọjọ́ Ẹtì inú oṣù kẹta yẹn ni, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Èsì mẹ́fà ló gbé wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Márùn-ún dára; èyí ni ìkẹfà. Ẹ̀bá ọ̀nà ló ti ṣe é, nítorí pé Moyinolúwa ń dúró dè é ní gáréèjì.

Babátọ́pẹ́ wọlé lójijì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Rónkẹ́, sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú Babátọ́pẹ́ ti wú fún ẹkún.

"Ta ló fi ìwé ikú yẹn sínú 'Ó Ti Parí'?"

Moyinolúwa wo ojú náà. Ó pa kọ̀ǹpútà náà dé.

"Èmi ni mò ń to ìwé," ló wí. "Ọrùn mi ni kó wà."

Rónkẹ́ ló dá a lóhùn. "Ọwọ́ tó pa ìyá wa kò ní se oúnjẹ tí a ó jẹ láé."

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ẹ̀kìnrìn-Àdé, sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Rhoda. Ó ń bá a ṣoko ẹ̀gẹ́, kò sì sọ ohunkóhun fún un. Ìyá rẹ̀ a máa gbọ́ tó ń sunkún ní ẹ̀gbẹ́ poro, a sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Láàárín oṣù mẹ́rin, àwọn ìsọ̀rí nínú áàpù náà tún ti dojú rú. Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀wálé kó kọ́kọ́rọ́ tí Moyinolúwa fi ń ṣí i lé Babátọ́pẹ́ lọ́wọ́ pé kó bá òun tún un ṣe. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tó fi rí ibi tí ìtàn fáìlì wà. Ó wá ti kànga abúlé ìyá rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ rí orúkọ Moyinolúwa níbẹ̀, kí inú rẹ̀ lè máa bí i lọ.

Orúkọ ara rẹ̀ ló rí.

Ó jókòó títí gbogbo èèyàn fi lọ sílé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó wà ní Ẹ̀kìnrìn-Àdé, lórí ìkúnlẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ìyá ẹ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin," ni Moyinolúwa wí. "Mi ò lè gbé òkú náà lé ẹ lórí lẹ́ẹ̀kejì."

"O mọ̀ pé èmi ni mo pa á."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. O ṣì í gbé ni. Èmi náà tò ó débi pé kò sí ẹni tí yóò tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ. Kì í ṣe gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn ni irọ́, Tọ́pẹ́."

Ó ju ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì sunkún fún Fẹ̀hìntọlá pa pọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ náà, Babátọ́pẹ́ lọ jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀. Ohùn Benjamin kò le. "Ìyá ẹ ti sọ fún mi pé ọmọ yẹn ni òun fẹ́ fún ẹ. Mú un wá." Rónkẹ́ dìde, ó jáde láìwẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Babátọ́pẹ́ jẹ́wọ́ ní ọ́fíìsì pẹ̀lú. Wọ́n bẹ Moyinolúwa padà. Ó ní òun kò padà, ṣùgbọ́n ó lọ fún ọjọ́ kan ṣoṣo, ó ṣe é kí èsì omi kankan má lè wọ "Ó Ti Parí" mọ́ àyàfi tí èèyàn méjì bá kà á.

Wọ́n dúró kí ọdún ìyá náà pé kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní Ẹ̀kìnrìn-Àdé ni wọ́n lò. Kò sí ìlù, kò sí orin púpọ̀. Gèlè Moyinolúwa ń tú, kò sì lè wé e padà fúnra rẹ̀.

Ẹnì kan wọlé láti ẹ̀yìn, ó dúró tì í. Rónkẹ́ ni. Ó mú gèlè náà, ó wé e pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ há a, lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ìjókòó àwọn ẹbí ọkọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀.