Ọwọ́ Òsì Ìyá Àmínátù

Agolo bisikíìtì náà wà níbi tí Bọ́látitó gbé e sí, nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò nílé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kékeré kan ní Ìrémọ. Fíìmù mẹ́rìnlá tó kó sínú rẹ̀ ni kò sí. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko nìyẹn, kò sì tíì tẹ ẹyọ kan jáde. Ọjọ́ Ajé ni. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò wo iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ másítáàsì. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kọ́ sára ògiri, ilé ló ń lọ.

Ó bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìyẹn ní òun kì í ṣọ́ agolo. Akọ̀wé ní kó kọ lẹ́tà. Ó kọ ọ́. Wọ́n ní kó tún un kọ, nítorí kò fi àyè sílẹ̀ létí ìwé. Bí ọjọ́ kan ṣe bá ìranù lọ nìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló tún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà: Ọláwọlé, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹnu ló fi ń ya fọ́tò láti ọjọ́ tó ti dé. Fóònù rẹ̀ kú. Onílé rẹ̀ ní ó ti rìnrìn àjò. Lọ́jọ́rú, Bọ́látitó kófìrí rẹ̀ ní Lágere, àpò dúdú lọ́rùn rẹ̀. Ó sáré tẹ̀ lé e. Ó ku díẹ̀ kó fọwọ́ kan okùn àpò náà ni Ọláwọlé fò sórí ọ̀kadà, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, fọ́tò méjìlá ti wà lára ògiri, orúkọ Ọláwọlé lábẹ́ wọn. Ògiri Bọ́látitó ṣófo.

“Tèmi ni, sà.”

Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì, olùkọ́ àgbà, kò mira. “Ẹ̀rí dà?”

Ọláwọlé rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà. “Àbí wọ́n kọ orúkọ ẹ síwájú orí ìyá yẹn ni?”

Bọ́látitó tún fọ́tò náà wò. Nǹkan kan ti ń dà á láàmú níbẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé. Ìyá arúgbó kan kúnlẹ̀, ó ń gbé ife omi fún ọkọ rẹ̀. Ìgbà náà ló rí i.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọwọ́ wo ni màmá fi ń fún bàbá lómi?”

Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. “Òsì.”

“Alòsì ni wọ́n,” ni Ọláwọlé yára dá sí i. “Ojú mi ló ṣe.”

Olùkọ́ kò bá a jiyàn. Ó ní kí àwọn méjèèjì wọ mọ́tò òun. Mọ́dákẹ́kẹ́ tí Bọ́látitó júwe fún wọn kò jìnnà. Ìyá Àmínátù, ìyá inú fọ́tò náà, ń pa ẹ̀gúsí lójúde. Ó kí Bọ́látitó bí ọmọ ilé. Nígbà tí wọ́n na fọ́tò sí i, ojú rẹ̀ korò.

“Èmi? Kí n fọwọ́ òsì fún baba Àmínátù lómi? Wàláhì, n ò ṣe é rí. Ta ló bà mí lórúkọ jẹ́ báyìí?”

“Ẹ mọ ọmọkùnrin yìí, mà?” Olùkọ́ tọ́ka sí Ọláwọlé.

“Níbo ni n ó ti mọ̀ ọ́n? Bọ́lá ló ń yà wá.”

Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì yíjú sí Ọláwọlé. “Òdì lo gbé fíìmù sínú ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ fọ́tò, ọ̀tún wá di òsì. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ ìbá ti mọ̀. Níbo ni ìyókù wà?”

“Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, sà.” Òógùn ti bo Ọláwọlé. “Kánjúkánjú ni mo tẹ̀ ẹ́ ní Òṣogbo. N ò ní nǹkan kan tí mo lè kọ́ sára ògiri.”

“Wọ mọ́tò. A ó gbé fíìmù náà, a ó sì gba àgọ́ ọlọ́pàá kọjá.” Ó kọjú sí Bọ́látitó. “Ìwọ, ọjọ́ Ajé ni a ó wo tìrẹ.”

Bọ́látitó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín èèpo ẹ̀gúsí. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Tún un tẹ̀, ọmọ mi. Kí ọwọ́ ọ̀tún mi padà síbi tó wà, kí àwọn àna mi tó rí i.”