Ojú Miracle Nínú Àtẹ́lẹwọ́ Mi

Etí òsì ni ìgbátí àkọ́kọ́ ti bà mí. Kí n tó mọ ibi tó ti wá, èkejì ti balẹ̀ sí mi lẹ́nu, mo sì ti ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ ara mi wò. Kẹ́ẹ̀gì omi mi ń yí gbirigbiri lọ nídìí ẹ̀rọ omi ilé ẹ̀kọ́ wa. Èmi náà nà gbalaja sínú ẹrẹ̀, Miracle tí a jọ wà ní kíláàsì jókòó lé mi láyà, ó ń fi ìkúùkù lù mí.

"Tún un sọ!" ló ń pariwo. "Tún pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́!"

Òótọ́ ni, mo pè é bẹ́ẹ̀. N kò ní torí pé èmi ni mò ń sọ ìtàn yìí kí n wá gbé apá kan rẹ̀ pamọ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ bú u, èmi náà ni mo kọ́kọ́ tì í. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí pé kí ló ṣe. Ó ká ọwọ́ òsì rẹ̀ jọ sí àyà, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀, ó ń jùdí, ó ní, "Ẹ wo ìyá Rhoda níbi ijó!" Gbogbo ọmọ SS2 tó wá pọnmi bú sẹ́rìn-ín.

Tíṣà ni ìyá mi nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí ní Òmù-Àrán. Lọ́dún tó ṣáájú, bí ó ṣe ń kọ ìṣirò sára pátákó, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì tẹ̀lé e. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó mú gbogbo ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, ìka ọwọ́ òsì ká jọ, wọn kò ṣí mọ́. Dókítà tó wò ó ní Ìlọrin sọ pé bí kò bá fẹ́ kí ọwọ́ náà kú, àfi kó máa mira déédéé.

Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Suwebat nìyẹn. Èkó ló ti kọ́ iṣẹ́ ijó ìdárayá. Nígbà tó padà wálé, ó gba ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ǹtì tẹ́lẹ̀ lọ́nà Àrán-Ọ̀rin, ó sì ń kó àwọn ìyá jó níbẹ̀ ní àràárọ̀ Sátidé. Èmi náà máa ń tẹ̀lé ìyá mi lọ jó. Bí a bá fò sókè, eruku sìmẹ́ǹtì á sọ lálá. Gbogbo ìgbésẹ̀ ló ní orúkọ tí àwọn ìyá tètè mọ̀. A ní "gúnyán," a ní "fọ́n irúgbìn," a sì ní "la igbó." La igbó yìí le díẹ̀. Wàá ju ìgúnpá sẹ́yìn bí ẹni ń ti ẹ̀ka igi kúrò lọ́nà, wàá sì yí padà kíá.

Ṣùgbọ́n kí orin tó bẹ̀rẹ̀, Àǹtí Suwebat ní nǹkan kan tí kì í fò.

"Ẹ la àtẹ́lẹwọ́ yín," ni yóò wí. "Ẹ wá ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ fọkàn sí títí a ó fi parí. Ẹ sọ ọ́ sínú ọwọ́, kí ẹ sì dì í. Bí ọkàn bá sá lọ sọ́jà, ẹ fún ọwọ́ yín, ẹ pè é padà. Ibi tí ẹsẹ̀ bá wà ni kí ọkàn wà."

Ẹnikẹ́ni kì í bi ẹnìkejì léèrè ohun tó sọ sọ́wọ́. Inú ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé. Ìyá mi nìkan ni kò mọ bí a ṣe ń fi tirẹ̀ pamọ́, nítorí pé láti ìgbà tí àrùn yẹn ti mú un, ohùn rẹ̀ kì í wálẹ̀. Gbogbo wa la máa ń gbọ́ ọ. "Ìka mi, ẹ ṣí." Ohun kan náà ni, ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, àtàǹpàkò àti ìka kejì ṣí. Ó fi wọ́n mú ẹ̀pà kan ṣoṣo nínú abọ́, ó jù ú sẹ́nu, ó sì bú sẹ́kún. Mo rò pé ayọ̀ yóò pa mí lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ìyá tó ń fi omijé kọ́ bí a ṣe ń mú ẹ̀pà, òun ni Miracle fi ń dá àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ omi.

Nígbà tí ìyá mi rí ètè mi tó wú, ó bi mí pé ta ló ṣe é.

"Mo yọ̀ ṣubú ni, Màámi."

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo la àtẹ́lẹwọ́. Tẹ́lẹ̀, èémí mi ni mo máa ń sọ sọ́wọ́, tàbí ẹsẹ̀ mi. Lọ́jọ́ náà, mo rọra sọ ọ́ pé, "Ojú Miracle." Mo dì í pinpin.

Ẹ̀yin èèyàn, mo jó! Tí a bá gúnyán, imú rẹ̀ ni mò ń gún. Tí a bá la igbó, eyín rẹ̀ ni ìgúnpá mi ń wá kiri. Ọkàn mi kò sá lọ síbì kankan. Àǹtí Suwebat dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo Rhoda! Ọkàn rẹ̀ wà níbí lónìí o!" Orí mi wú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nílé, tí mo bá ń gbálẹ̀, ìgúnpá mi á ṣàdédé fò sẹ́yìn fúnra rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Àǹtí Suwebat dá mi dúró nígbà tí àwọn yòókù ń lọ.

"Rhoda, ìwọ àti ta ni?"

"Kò sẹ́nì kankan, Àǹtí."

"Mò ń wo ojú rẹ bí o ṣe ń jó. Ohun tí o dì sọ́wọ́ yẹn kò dára. Ara kì í mọ̀ pé eré lo fi ń ṣe o. Ohun tí o bá ń kọ́ ọ lójoojúmọ́ ló máa ṣe fún ọ lọ́jọ́ tí o kò retí. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Pààrọ̀ ẹ̀."

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Màá pààrọ̀ ẹ̀."

N kò pààrọ̀ ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ó yẹ kí n pààrọ̀ ẹ̀, mo sì tún dì í ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Adùn kan wà nínú ìkórìíra tí ẹni tí kò tíì tọ́ ọ wò kò lè mọ̀.

Lọ́jọ́ náà, a jó títí, Àǹtí Suwebat ní ká simi díẹ̀. Kò pa orin. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń fi aṣọ nu òógùn, ọwọ́ mi ṣì dì. Ẹnìkan fọwọ́ kàn mí léjìká láti ẹ̀yìn.

"Rhoda, jọ̀ọ́..."

Mo mọ ohùn náà. Ìgúnpá mi ti lọ kí n tó ronú.

Ó bà á lẹ́nu gan-an. Mo gbọ́ bí eyín ṣe kán. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí, ǹ bá sọ pé èèṣì ni. N kò dúró. Mo yí padà kíá bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo gún un nímú, mo tún un gún, orin ń lọ, ìkúùkù mi sì ń bá orin náà mu. Miracle ṣubú, orí rẹ̀ lu etí sìmẹ́ǹtì àtẹ̀gùn, iwájú orí rẹ̀ sì bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dà bo ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè, kì í ṣe láti jà, ó ń bẹ̀ mí. Mo ta á nípàá níkùn. Mo tún un ta.

"Rhoda!" Ìyá mi ló pariwo.

Aaron, ẹ̀gbọ́n Miracle, ló fi ọ̀kadà gbé e wá. Ó ń dúró dè é lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí ó ṣe rí ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀, ó sáré wá, ó fa igi tí a fi ń gbé ilẹ̀kùn ró yọ, ó gbé e sókè lórí mi. Mo rí igi náà. Ẹsẹ̀ mi tó mọ gbogbo ijó kò mọ bí a ṣe ń sá.

Ìyá mi ló mọ bí a ṣe ń sáré. N kò mọ bí ó ṣe wọ́ ẹsẹ̀ yẹn dé ibẹ̀. Ó bọ́ sáàárín wa, ó sì gbé ọwọ́ òsì sókè láti fi gba igi náà. Ó ṣí i. Gbogbo ìka márààrún ló ṣí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan ó lé, mo fojú mi rí i. Igi sọ̀ kalẹ̀ lórí wọn. Ó ró pọ̀, bí ìgbà tí a ṣẹ́ igi ìdáná.

Ìka mẹ́ta ló kán. Àtàǹpàkò àti ìka kejì wà nínú wọn.

Láti ibẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn, lẹ́yìn náà àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ti èmi àti Aaron mọ́lé títí àwọn àgbà àdúgbò fi wá bẹ̀bẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ lé mi fún sáà kan, n kò ṣe ìdánwò tí àwọn ẹgbẹ́ mi fi wọ SS3. Àwọn àgbà àdúgbò ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, nítorí ta ni yóò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń la orí ọmọ ọlọ́mọ? Àǹtí Suwebat tó kìlọ̀ fún mi ni wọ́n ń pè ní ẹni tó ń kọ́ ọmọ níjà. Kò bá mi wí rárá. Ìyẹn dùn mí ju kó lù mí lọ.

Ìyá mi mú mi lọ kí Miracle, ọwọ́ ìyá mi nínú POP tí wọ́n fi di àwọn ìka tó kán. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, nítorí ìkúnlẹ̀ kò tó mi. Eyín iwájú méjì ti kúrò lẹ́nu Miracle, aṣọ funfun ni wọ́n fi di ọgbẹ́ orí rẹ̀.

"Kí lo wá ṣe lọ́jọ́ yẹn?" ni mo bi í.

"Àrùn tó mú Màmá yín ló mú ìyá àgbà mi," ló wí. Afẹ́fẹ́ ń gba àlàfo ẹnu rẹ̀ jáde. "Ọwọ́ ẹ̀ náà ká jọ. Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nítorí ohun tí mo ṣe, kí n sì bèèrè bóyá Àǹtí Suwebat á gbà á."

Ẹkún ni mo sun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ bíi tèmi, ohun tí mo rí kọ́ rèé. Ẹni tó bá fi ẹ̀gbin lọ̀ ọ́ lónìí lè bá ọ sọ̀rọ̀ ire lọ́la, àfi tí o bá ti di ojú rẹ̀ sọ́wọ́ débi pé o kò lè gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ohun tí a bá ń fi ọkàn bọ́ lójoojúmọ́, ara ni yóò bí i, kò sì ní bi wá léèrè ọjọ́ tí yóò bí i. Wọ́n ní òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Tèmi pa ju ẹyẹ kan lọ, ọwọ́ ìyá mi sì wà nínú wọn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, àwọn ìyá bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi ṣí ṣọ́ọ̀bù náà padà. Miracle fi ọwọ́ mú ìyá àgbà rẹ̀ wọlé. Ó kí mi, ó sì lọ dúró sí apá kejì. N kò dá a lẹ́bi. Àǹtí Suwebat ní ká la àtẹ́lẹwọ́. Mo wo ìyá mi. Ìka rẹ̀ ti jinná, ṣùgbọ́n wọ́n tún ti ká jọ, wọ́n sì le gbagidi. Dókítà sọ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ṣí mọ́.

"Mú ọwọ́ tìrẹ wá," ni ìyá mi wí.

Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi sí i. Ó tẹ̀ríba sórí rẹ̀. Nítorí pé ohùn rẹ̀ kì í wálẹ̀, gbogbo wa la gbọ́ ọ.

"Ọwọ́ ọmọ mi, ṣí."

Orin bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, n kò di ọwọ́ mi rárá.